Òwú Pupa Tó Ṣá Lójú Ọmọ Mi

Apá búláòsì kan ni mo ń rán mọ́ ara rẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan ló ni aṣọ náà. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Ìlá, ó ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀, ó sì ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta pé kí ló kù. Tíṣà ọmọ mi ló pè. Ó ní, "Ìyá Àmínátù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ nílé ìwé. Àmínátù ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ó ní òun kò rí i."

Mo ní, "Kò rí kí ni?"

"Àtẹ̀gùn náà. Ó ní òun rò pé ilẹ̀ títẹ́jú ni."

Mo ní mò ń bọ̀. Mo wá ṣe ohun kan tí mo ní láti kọ síbí kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn, torí bí mo bá fi í pamọ́, gbogbo ìyókù á di irọ́. Mo parí apá aṣọ náà kí n tó dìde. Mo rán an yípo, mo fi eyín já òwú, mo gbọn aṣọ náà, mo ká a, mo fún oníbàárà. Ó tó ogún ìṣẹ́jú. Mo rò pé ọmọ ń sáré ló ṣubú, bí gbogbo ọmọ ṣe ń ṣubú.

Nítorí ogún ìṣẹ́jú yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. Mo ń kọ ọ́ sí ìyá tàbí bàbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé wọ́n rí nǹkan nínú ọpọlọ ọmọ rẹ̀, tí àwọn ẹbí ti yí i ká, tí oníkálukú sì mú ewé tirẹ̀ dání. Mo ti jókòó níbi tí o jókòó sí. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Síbẹ̀ mi ò gbà fún wọn, ìwọ náà má gbà.

Àmínátù ni àkọ́bí mi, Àmí la máa ń pè é nílé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà. Mo bí i ní ọdún tí mo ṣe ìdánwò àṣejáde girama, kí èsì tó jáde, nítorí náà ibi tí a bá jọ lọ, wọ́n á ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. Inú àwa méjèèjì máa ń dùn sí i. Ìgbà tí àìsàn dé ló di ẹ̀sùn. Wọ́n ní ọmọdé ni èmi náà, kí ni mo mọ̀.

Kì í ṣe ọjọ́ tó ṣubú ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, obìnrin kan gbé léèsì pupa wá, pupa tó ń tan bí ata rodo, ó fẹ́ fi ṣe ìsọmọlórúkọ. Láti ọmọ ọdún méje ni Àmí ti ń bá mi ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, òun náà ló sì máa ń yan òwú fún mi. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi ni mo ṣe kọ́ ọ: pa ojú ọ̀tún dé, fi ojú òsì wo ihò abẹ́rẹ́, má mí. Bákan náà la ṣe ń yan òwú. A ó na òwú lé orí aṣọ, a ó pa ojú kan dé, a ó fi ìkejì wò ó. Bí òwú bá pòórá sínú aṣọ, òun náà nìyẹn. Àmí kì í ṣì í. Àwọn aránṣọ ẹlẹgbẹ́ mi máa ń yá a lọ́wọ́ mi pé kí ó wá bá àwọn yan òwú.

Ní ọjọ́ náà, ó yan òwú kan, ó fi í sí maṣíìnì, ó sì fi ká gbogbo etí síkáàtì náà yípo. Nígbà tí oníbàárà dé, ó na aṣọ rẹ̀ sínú oòrùn, ó wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Aránṣọ, ṣé pé mo jẹ ọ́ ní gbèsè ni?" Òwú àwọ̀ igi ni ọmọ mi fi ká etí léèsì pupa. Ó hàn yàtọ̀ bí ojú ọ̀nà abúlé nínú koríko.

Mo pe Àmí. Mo ní, "Kí ni èyí?"

Ó pa ojú ọ̀tún rẹ̀ dé, ó gbé etí aṣọ náà súnmọ́ ojú òsì. Ó ní, "Màámi, ó jọra."

"Ó jọ kí ni? Ojú rẹ ni àbí fóònù lo gbé sábẹ́ tábìlì?"

"Ó jọra lójú mi, Màámi."

Mo ní ojú ọ̀lẹ ló ní. Mo gbé réésà fún un, mo ní kí ó tú gbogbo rẹ̀ lójú oníbàárà. Ó ń tú u, ó ń gé ara rẹ̀ níka, ó ń fi ẹ̀jẹ̀ pamọ́ kí ó má baà kan léèsì. Bí mo bá ń rántí àìsàn yìí, kì í ṣe ọsibítù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ìka yẹn ni.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ó sọ àwọn nǹkan mìíràn fún mi. Ó ní ó dà bí ẹni pé wọ́n ta ọ̀rá bo ojú òsì òun. Ó ní iná kéékèèké ń ṣẹ́ wìrìwìrì ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní bí òun bá yí ojú, ó ń dun òun lẹ́yìn ojú, bí ìgbà tí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ọ, mo sì ra oògùn tí wọ́n ń kán sójú ní kẹ́míìsì. Nígbà tí ìyẹn ò ṣiṣẹ́, mo mú un lọ sí gáréèjì Fájuyì, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó máa ń kó awò ojú kọ́ sára páálí kiri. Ó ń fi wọ́n sí i lójú lọ́kọ̀ọ̀kan: "Èyí ńkọ́? Èyí ńkọ́?" Nígbà tó di ẹ̀kẹrin, Àmí ní, "Èyí dáa." Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé kò dáa, pé oòrùn ló mú òun, òun sì rí i pé inú ń bí mi.

Nígbà tí mo dé ilé ìwé lọ́jọ́ tó ṣubú, orúnkún rẹ̀ ti bó. Àwọn ọmọ kan ti ń pè é ní Ìyá Arúgbó. Mo na ìka mẹ́rin sókè, mo fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún rẹ̀, mo ní mélòó ni. Ó ní, "Màámi, mi ò rí ọwọ́ yín. Etí ìbòrí yín nìkan ni mo ń rí." Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn tó ṣubú lé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìlà ọsibítù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń padà sílé. Lọ́jọ́ kìíní, a dé ní aago mẹ́jọ, wọ́n ní káàdì ti tán. Lọ́jọ́ kejì, a dé ní aago mẹ́fà, a gba káàdì, àmọ́ dókítà ojú kò wá. Lọ́jọ́ kẹta, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí a ti dé, síbẹ̀ ènìyàn mọ́kànlá ló ti ṣáájú wa. Bàbá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà ló wà níwájú pátápátá. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú ìrìn. Báwo lẹ ṣe yára tó báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ ríran lẹ ń dúró de ìmọ́lẹ̀." Ìgbà yẹn ni Àmí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ náà.

Obìnrin ni dókítà tó wò ó, kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Ó tan iná sí ojú rẹ̀, ó wo inú rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó yọ ìdérí bírò pupa kan, ó gbé e síwájú Àmí. Ó ní, "Àmínátù, bo ojú òsì. Àwọ̀ wo nìyí?"

"Pupa, mà."

"Ó dáa. Bo ọ̀tún báyìí. Ṣé bákan náà ló rí?"

Àmí gbé ojú súnmọ́ ọn. Ó ní, "Ó ti ṣá, mà. Ó dà bí àwọ̀ igi."

Àṣé ọmọ kò ṣọ̀lẹ. Ojú òsì tí mo kọ́ ọ láti máa fi yan òwú gan-an ni àìsàn bọ́ sí. Bó bá jẹ́ pé ọ̀tún ló ń lò ni, kì bá tí ṣì í. Ó ti sọ fún mi lójú oníbàárà pé ó jọra lójú òun, èmi sì gbé réésà fún un. Omi dà lójú mi níbẹ̀. Dókítà rò pé ẹ̀rù ló bà mí.

Ó ní ojú fúnra rẹ̀ mọ́, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹ̀yìn ojú ni, níbi okùn tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ. Ó ní a ó ya àwòrán inú orí rẹ̀. Mo ta maṣíìnì mi kejì, èyí tí a fi ń wé etí aṣọ kó má baà tú, a sì ya àwòrán náà. Ẹ̀rọ ńlá ni, wọ́n á tì ọ́ wọ inú rẹ̀ bí búrẹ́dì tí wọ́n tì sínú ààrò. Àmí ní ó ń pariwo bí ìgbà tí bàbá òun ń kan ìṣó. Káfíńtà ni ọkọ mi. Ó ní òun kàn ń ka ìṣó náà títí wọ́n fi fa òun jáde.

Nígbà tí èsì dé, dókítà gbé àwòrán náà sójú iná. Àwọn àmì funfun wà níbẹ̀, kéékèèké, bí ẹfun tó ta sí aṣọ dúdú. Mo ní, "Ṣé kókó ni?" Ó ní rárá. "Ṣé yóò kú?" Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. "Kí wá ni?"

Ó ní, "Màmá Àmínátù, mi ò ní purọ́ fún yín. A rí nǹkan, a ò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ó jọ pé àwọn ọmọ ogun inú ara rẹ̀, tó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò jà, ni wọ́n kọjú ìjà sí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Oògùn kan wà tí a ó fà sí i lára fún ọjọ́ márùn-ún, tó lè pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Bẹ́ẹ̀dì á ṣófo lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ má jẹ́ kó kọjá ọjọ́ náà."

Mo ní, "Bó bá kọjá ńkọ́?"

Ó ní, "Ojú òsì la ń jà fún báyìí. Bó bá pẹ́, mi ò lè ṣèlérí ọ̀tún fún yín."

Ojú ọ̀tún ọmọ mi. Ohun tí a ń jà fún nìyẹn láti ọjọ́ náà.

Kí a tó délé, ọ̀rọ̀ ti dé orí Wásáàpù ẹbí. Ẹnì kan ní ayé ló ta á ní nǹkan sójú. Ẹnì kan ní kí a fún àlùbọ́sà sí i. Ẹnì kan ní òkè kan wà tí wọ́n ti ń gba àwẹ̀, Mùsùlùmí náà sì ń lọ. Mo tẹ ohùn wọn pa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹnì kan wà tí mi ò lè tẹ̀ pa. Ìyá ọkọ mi ni, Ìyá Ìgèdè la máa ń pè é nítorí Ìgèdè ló ń gbé. Ó fẹ́ràn Àmí ju bó ṣe fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ lọ. Ó dé lọ́jọ́ Àìkú, kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Wọ́n ní kí ló ń ṣe ọmọ mi?"

Ọkọ mi ní, "Wọ́n rí àwọn àmì kan nínú ọpọlọ rẹ̀, Ìyá."

"Orúkọ àìsàn náà ni mo bi ọ́."

"Wọn ò tíì mọ̀ ọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́. "Wọn ò mọ̀ ọ́n, àwọn náà ló fẹ́ wò ó? Bàbá kan wà lẹ́yìn ulé wa. Ọjọ́ méje péré. Yóò fún ewé sí i lójú láàárọ̀, yóò fún un nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ kẹjọ, yóò máa ka Kùránì fún mi."

Mo ní, "Ìyá, dókítà ní iwájú ojú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn ni nǹkan wà. Ewé tí wọ́n fún síwájú kò lè dé ẹ̀yìn, iwájú tó dáa náà ni yóò bàjẹ́."

"Ìwọ ni dókítà báyìí. Ìgbà wo lo jáde girama?"

"Ọdún tí mo bí i ni, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ wẹ̀ ẹ́."

Ó wò mí. Ọkọ mi ló dá sí i. Ó ní, "Ìyá Àmí, kí la máa pàdánù? Ọjọ́ méje ni. Bí wọ́n bá dé, a ó lọ sí ọsibítù náà."

Mo ní, "Ojú ọ̀tún la máa pàdánù. O wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà sọ ọ́." Mo sọ fún Ìyá Ìgèdè pé àdúrà, mo fẹ́ ẹ. Kí àfáà ka gbogbo ohun tó bá mọ̀. Àmọ́ kò sí ohun tí yóò wọ ojú ọmọ mi yàtọ̀ sí ohun tí dókítà bá kọ. Ó ní ó dáa. Ó yá kíá jù, ó yẹ kí n ti fura.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo jáde láàárọ̀ lọ sí kẹ́míìsì kan ní àdúgbò Adébáyọ̀ láti ra oògùn náà, torí wọ́n ní kò sí ní ọsibítù. Nígbà tí mo padà, ilé pa lọ́lọ́. Ìyá tó ń gbé yàrá kejì sí wa ní, "Ìyá ọkọ rẹ wá mú un. Wọ́n ní o mọ̀." Mo pe ọkọ mi. Kò gbé e. Mo tún pè, ó gbé e, kò sọ̀rọ̀, mo sì mọ̀ pé ó mọ̀ sí i.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Fájuyì. Gbogbo ọ̀nà ni mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí mọ́tò Ìgèdè má kún. Kò kún. Ó ku ẹnì kan. Dírẹ́bà rí mi tí mò ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ọ̀rá oògùn lọ́wọ́, ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, "Ìyàwó, yára, ìwọ la ń dúró dè."

Mo ṣí ilẹ̀kùn. Àmí jókòó sáàárín, Ìyá Ìgèdè di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, obìnrin oníṣu kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Mo ní, "Àmí, sọ̀kalẹ̀."

Ìyá Ìgèdè ní, "Má sọ̀kalẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ní kí n wá mú un."

"Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ bí bàbá rẹ̀. Èmi ni mo bí òun. Mọ́tò yìí kò ní kúrò níbí."

Dírẹ́bà ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbà mí. Kí ẹnì kan wọlé ni mo wí, mi ò ní kí ẹnì kan jáde." Obìnrin oníṣu náà ní kó dákẹ́, ṣé kò rí i pé ọ̀rọ̀ ilé ni. Dírẹ́bà ní, "Mo rí i, màmá, ilé náà ló wá di inú mọ́tò mi."

Mo di ọwọ́ Àmí kan mú, Ìyá Ìgèdè di ìkejì mú. A wà bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ló wá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ jẹ́ kí n rí ìbòrí yín." Ìbòrí pupa ni Ìyá Ìgèdè wé lọ́jọ́ náà, òun náà ló wé wá lọ́jọ́ Àìkú. Àmí fa etí rẹ̀ súnmọ́ra, ó pa ojú ọ̀tún dé, ó wò ó. Ó ní, "Eérú nìyí." Ó ṣí i, ó pa òsì dé. Ó ní, "Lọ́jọ́ Àìkú, mo fi ọ̀tún wò ó, ó pupa dáadáa. Lónìí ó ti ń ṣá. Mi ò sọ fún Màámi torí ẹkún wọn pọ̀ jù. Ìyá àgbà, mi ò fẹ́ kó di eérú ní méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n lọ gba oògùn."

Ìyá Ìgèdè tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó tú ìbòrí náà kúrò lórí, ó wò ó bí ẹni pé òun náà fẹ́ mọ bóyá ó ti ṣá. Ó wá ní, "Dírẹ́bà, gbé báàgì mi sílẹ̀."

Dírẹ́bà ní, "Ẹnì kan ni mò ń wá, ẹni méjì ló bọ́ lọ."

Ìyá Ìgèdè bá wa lọ sí ọsibítù. Lójú ọ̀nà ó ní, "Mo mú omi wàláà mi dání o, èyí tí àfáà fọ ẹsẹ Kùránì sí. Mi ò ní dà á nù." Mo bi dókítà. Dókítà ní kó fi pa orí rẹ̀, kó má ṣe kan ojú. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Lóòótọ́, inú mi dùn sí i. Èmi ò bá àdúrà jà rí, ewé inú ojú ni mo bá jà.

Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi fa oògùn náà sí i lára. Ó ní ẹnu òun ń korò bí ẹni lá ìṣó. Kò lè sùn, ó ń jẹun bí ẹni ń gbé ẹrù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé oògùn ọsibítù ti ba ọmọ rẹ jẹ́ nítorí pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, má dá wọn lóhùn, dókítà ni kí o bi. Ti Àmí rọlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọkọ mi wá lọ́jọ́ kejì, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ̀rù ló bà mí." Mo ní, "Ẹ̀rù ba èmi náà, mi ò sì sá." Mo sọ ọ́ kí ó dùn ún. Nígbà tó yá mo ní kó wá jókòó.

Lọ́jọ́ kẹrin, Ìyá Ìgèdè ń fa tẹ̀sùbáà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìbòrí náà wà lórí rẹ̀. Àmí bo ojú ọ̀tún. Ó ní, "Ìyá àgbà, ìbòrí yín dọ̀tí." Ìyá ní, "Kí lo wí?" Ó ní, "Ó pupa, àmọ́ ó dọ̀tí." Ìyá arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní òun ò ní fọ̀ ọ́ láéláé.

Ojú ọ̀tún padà sí bó ṣe wà. Òsì kò padà tán. Nígbà tí a padà sí ilé ìwé, wọ́n ní bóyá kí ó jókòó sílé fún ọdún kan ná. Òbí kan ní kí wọ́n má fi ọmọ òun jókòó tì í, bóyá ó ń ràn. Mo lọ bá wọn pẹ̀lú tépù ìwọnṣọ lọ́rùn, bí mo ṣe kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kì í ràn, ìwé dókítà nìyí. Mo ní ọmọ mi á jókòó níwájú, lápá òsì kíláàsì, kí pátákó lè bọ́ sí ojú ọ̀tún rẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ jókòó tì í, kó lọ jókòó lẹ́yìn. Wọ́n fún un ní àyè náà. Ibẹ̀ ló jókòó sí títí di òní, ó sì ń múra ìdánwò.

Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí. A tún ti ya àwòrán náà. Àwọn àmì funfun ṣì wà níbẹ̀, ọ̀kan ti kéré sí i, tuntun kò sí. Títí di òní, wọn ò tíì fún un lórúkọ. Dókítà ní ó lè má padà wá mọ́, ó sì lè padà. A ń lọ fún àyẹ̀wò, ìlà náà kò sì kúrú sí i. Àwọn kan ṣì ń bi mí, pẹ̀lú ojú àánú, pé báwo ni èèyàn ṣe ń bá àìsàn tí kò lórúkọ gbé. Mo máa ń sọ fún wọn pé àìsàn ni kò lórúkọ, ọmọ mi lórúkọ, kí wọ́n bèèrè nípa òun.

Rílì òwú pupa kan wà tí mo fi ìṣó kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn wa. Láràárọ̀, kó tó lọ sílé ìwé, Àmí á fi ojú ọ̀tún wò ó, á fi òsì wò ó. Ó ní lójú òsì, ó dà bí aṣọ tí a ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, àmọ́ pupa ni. Ojú ọ̀tún ló fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ báyìí. Ó ṣòro fún un lákọ̀ọ́kọ́, ó ń gún ara rẹ̀. Ó ti mọ́ ọn lára.

Lọ́jọ́ tí a dé láti ibi àyẹ̀wò tó kọjá yìí, ó jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń yan òwú. Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Màámi, bó bá tún padà ńkọ́?"

Mo sọ ti ogún ìṣẹ́jú náà fún un, bí mo ṣe parí apá aṣọ kí n tó wá. Ó ní, "Mo mọ̀. Tíṣà ń wo aago." Ọdún méjì ló ti mọ̀ ọ́n, kò sọ ọ́ rí.

Mo ní, "Àmí, ọjọ́ tí o bá wo òwú yẹn tí ó ṣá, ì báà jẹ́ bíńtín, wá bá mi. Má wo ojú mi pé inú ń bí mi, má rò ó pé màá sunkún. Sọ ọ́. Mi ò ní bi ọ́ bóyá fóònù lò ń tẹ̀. Màá fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nínú aṣọ tí mò ń rán, màá dìde."

Ó ní, "Bí oníbàárà bá jókòó tó ń dúró ńkọ́?"

Mo ní, "Kó jókòó."